Ohun tó wà nínú ọwọ́ tó ń padà sí ìbàdí

Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ nínú kàráté, èyí ló wúlò jù: ọwọ́ tó ń padà sí ìbàdí bí èkejì bá ń ju ẹ̀ṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní hikite, kò ṣófo. Wọ́n á ní agbára ló ń fún ẹ̀ṣẹ́ kejì. N ò gbà. Aṣọ tàbí apá ẹni tí ẹ ń bá jà ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ wo bí ìjà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ní Ìwó Road tàbí nídìí máíkírà ní Dùgbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń dúró lókèèrè ju ẹ̀ṣẹ́ gbọọrọ. Ọwọ́ òsì á so mọ́ yín lọ́rùn ẹ̀wù, á mì yín jìgìjìgì, ọ̀tún á máa bọ̀ létí. Ẹni tó bá fẹ́ fi age-uke (gbígbé apá sókè, tí wọ́n ń pè ní ìdènà) dí ìyẹn, kó tó gbápá sókè, ó ti jẹ ẹ́.

Age-uke gan-an nìyí. Ẹ sọ àgbọ̀n kalẹ̀ sáyà. Ẹ fi ọwọ́ òsì yín di apá òsì tó fi so mọ́ yín mú, ẹ fà á wá sí ìbàdí òsì, kí ìbàdí fúnra rẹ̀ yí tẹ̀lé e. Bí èjìká òsì rẹ̀ bá ti bọ́ síwájú, tọ̀tún á lọ sẹ́yìn, ẹ̀ṣẹ́ tó ń bọ̀ ò ní dé ọ̀dọ̀ yín dáadáa. Ìgbà yẹn ni kí ẹ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé tọ̀ ọ́, kí ẹ fi egungun apá ọ̀tún gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbọ̀n. Kì í ṣe ọ̀fun o, ìyẹn lè pààyàn. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti yẹ̀, ẹ sá.

Àwọn tí kì í jẹ́ fún ń fi apá nìkan fà, wọn ò sì wọlé. Onítọ̀hún á kàn rọ́ lù wọ́n ni.

Itosu Anko, olùkọ́ kàráté, ló ṣètò àwọn kata Pinan, ìyẹn ìgbésẹ̀ kàráté tí wọ́n tò tẹ̀léra, fún ọmọ ilé-ìwé ní Okinawa, erékùṣù kan ní Japan. Funakoshi, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, tó kó kàráté lọ sí Tokyo lọ́dún 1922, ló sọ wọ́n di Heian. Ta ló máa kọ́ ọmọdé bí wọ́n ṣe ń fọ́ àgbọ̀n? Lójú tèmi, ibẹ̀ ni orúkọ "ìdènà" ti wọlé. Síbẹ̀, ìgbésẹ̀ kẹrin Heian Shodan, àkọ́kọ́ nínú wọn, ò fi nǹkan pamọ́: wọ́n di yín lọ́rùn ọwọ́ mú, ẹ fa ẹsẹ̀ iwájú padà, ẹ yọ ọwọ́ gba ìhà àtàǹpàkò rẹ̀, ẹ yí i po, ẹ fi ìdí ẹ̀ṣẹ́ gún un bí ọmọ odó. Ẹni tó bá fà á síhà ìka mẹ́rin, ibẹ̀ ló máa wà.

Ẹ wọ ẹ̀wù ọ̀kírikà fi kọ́ ọ, nítorí aṣọ kàráté nípọn ju ẹ̀wù ìgboro lọ. Kí ẹnìkejì máa mì yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ tó yára. Tí òógùn bá ti bò yín, ọrùn ọwọ́ á máa yọ̀: ẹ di apá aṣọ mú dípò rẹ̀.