Tsé Bitʼaʼí: òjìji àpáta náà ti gbọ́ràn

Mò ń ya àwòrán Tsé Bitʼaʼí (Shiprock), àpáta ńlá tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí “àpáta tó ní ìyẹ́” lédè àwọn Navajo, ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, òjìji ara rẹ̀ sì ti gbọ́ràn sí mi lẹ́nu o! Ọ̀dà ṣì wà ní èékánná mi bí mo ṣe ń kọ èyí, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn. Ojú ọ̀run ti parí. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà ti parí, ó ku koríko iwájú.

Ẹ̀gbẹ́ àpáta tí oòrùn ò kàn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sú mi. Ohun tó dì sínú ọ̀fun òkè ayọnáyèéfín ni àpáta náà, láti bíi mílíọ̀nù 27 ọdún sẹ́yìn. Ó dúdú látilẹ̀wá, ó sì yọ sókè tó 480 mítà lórí ilẹ̀ gbalasa. Ṣùgbọ́n tí oòrùn bá ń wọ̀, dúdú yẹn á di àwọ̀ àlùkò, pupa á sì máa yọjú lábẹ́ rẹ̀. Tí mo bá po ultramarine blue (ọ̀dà búlúù) mọ́ burnt sienna (ọ̀dà pupa bí ilẹ̀), á rẹwà nígbà tó bá ṣì tutù. Tó bá gbẹ tán, ó ti di èédú. Acrylic, ọ̀dà olómi tí mo ń lò, a máa ṣú sí i tó bá gbẹ. Ní New Mexico níbí, afẹ́fẹ́ gbẹ débi pé kí búrọ́ọ̀ṣì tó dé ìsàlẹ̀, òkè ti gbẹ, ìlà á wá là sáàárín. Mo ra oògùn tí kì í jẹ́ kí ọ̀dà tètè gbẹ. Ó ń lẹ̀ pẹ̀ẹ́pẹ̀ẹ́, eruku sì ń bà lé e. Owó rẹ̀ ò kéré, mi ò sì ní rà á mọ́. Omi lásán tí mo ń fín sí kánfáàsì ṣiṣẹ́ jù ú lọ.

Ohun tó wá ṣẹ́gun rẹ̀ nìyí: mi ò pò wọ́n pọ̀ mọ́. Burnt sienna nìkan ni mo fi kun gbogbo ẹ̀gbẹ́ náà, mo jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Mo wá fi glazing medium, èròjà tó ń sọ ọ̀dà di fẹ́lẹ́ kí abẹ́ rẹ̀ lè hàn, la ultramarine títí ó fi ń ṣàn, mo ń tẹ́ ẹ lé e ní ìpele-ìpele, ọ̀kan á gbẹ kí òmíràn tó gorí rẹ̀. Pupa ń tàn láti abẹ́ búlúù! Níbi tí àpáta ti sán, mo fi àkísà tútù nu díẹ̀ kúrò, ojú sísán náà sì yọ kedere.

Tẹ́lẹ̀, mo fẹ́ ya Tsé Nináhálééh inú ìtàn àwọn Navajo, ẹyẹ abàmì tó ń pa èèyàn jẹ lórí àpáta yìí kí akọni Naayééʼ Neizghání tó pa á, sínú ìkúùkuu. Mo ti fagi lé e. Ògiri òkúta tó nà lọ síhà gúúsù, èyí tí ọ̀nà Navajo 13 là kọjá, ti tó ìyẹ́ fún àwòrán náà. Àwọn ẹni mímọ́ inú àwòrán iyanrìn tí àwọn Navajo máa ń yà náà ò ní sí níbẹ̀. Ti ìwòsàn nìyẹn, wọ́n sì máa ń pa á rẹ́ tí ètò bá parí. Bí mo ṣe ń kọ èyí gan-an ni mo ń rò ó pé àwọn ọmọ ẹyẹ yẹn ló yẹ kí n yà, ọ̀kan tí akọni náà sọ di idì àti èkejì tó sọ di òwìwí: idì sí ṣóńṣó, òwìwí sínú òjìji tuntun yìí.

Fọ́tò tí mo ní ò fi ṣóńṣó hàn dáadáa, láti 1970 ni wọ́n sì ti ka gígun àpáta náà léèwọ̀. Mo máa lọ fi lẹ́ńsì tó ń fa nǹkan súnmọ́ni ya òmíràn láti ojú títì. Kó tó dìgbà yẹn, ògiri gúúsù ló kàn, búrọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ ni mo sì máa fi kùn ún.