Bí mo ṣe ti Google mọ́ ìta fún oṣù mẹ́rin

Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ń bá Google bínú, àṣé èmi fúnra mi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta.

Ìyá mi ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Nígbà tí mo ní n óò ṣe ìkànnì fún ọjà wọn, ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bí mo bá gbé e jáde lónìí, tó bá máa fi dọ̀la, ẹnikẹ́ni tó bá tẹ "adire" sórí fóònù rẹ̀ yóò bá wa pàdé. Mo ra orúkọ tó parí sí .com.ng, mo fi WordPress, ìyẹn ohun èlò tí wọ́n fi ń kọ́ ìkànnì, kọ́ ìkànnì náà, mo ya ọgbọ̀n fọ́tò, mo sì kọ nọ́ńbà WhatsApp wa gàdàgbà sísàlẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Wọ́n ní kú iṣẹ́, wọ́n fi àwòrán àtẹ́wọ́ ránṣẹ́, ó tán. Ẹyọ ẹnì kan ò ti inú Google wá. Gbogbo ìgbà tí mo bá délé, ìyá mi á wò mí lójú.

"Àbẹ̀kẹ́, àwọn oníbàárà orí ẹ̀rọ yìí dà?"

"Wọ́n ń bọ̀, Màámi. Ẹ ṣì ní sùúrù."

Nígbà tó di oṣù kẹta, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí, mo bá kó sọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ní ọ̀gá lòun nínú SEO, ìyẹn iṣẹ́ gbígbé ìkànnì sókè nínú èsì Google. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta náírà ló gbà, ó ní láàárín ọ̀sẹ̀ méjì a ó wà lókè pátápátá. Ìgbà tí mo padà yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò ni mo rí ohun tó ṣe: ó kọ "adire, adire fabric, best adire" ní bíi ogójì ìgbà sínú àmì keywords tó wà lẹ́yìn ojú ewé, tí Google sì ti sọ láti ọdún 2009 pé àwọn kì í wò ó rárá. Ó fi lẹ́tà funfun kọ ọ̀rọ̀ sórí ilẹ̀ funfun, kí Google lè rí i, kí èèyàn má rí i. Ó tún lọ lẹ líǹkì wa mọ́ àwọn ìkànnì tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù àti ti bàtà tí n kò mọ ibi tí wọ́n ti wá. Láti oṣù kẹrin ọdún 2012 ni Google ti gbé ètò kan jáde, Penguin lorúkọ rẹ̀, láti máa mú irú líǹkì ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀. Google fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ẹni tó lè ṣèlérí ipò kìíní fún ẹnikẹ́ni, àti pé àwọn kì í gba owó láti gbé èèyàn sókè. Èyí tí wọ́n bá gba owó lé lórí, wọ́n máa ń kọ Sponsored, ìyẹn ìpolówó, sí i lórí. Ì bá ṣe pé mo kà á kí n tó fowó ránṣẹ́ ni.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ọ̀gá yìí wọ inú ìkànnì wa, ó jáde, kò sì rí àléébù tó wà níbẹ̀.

Èmi ni mo rí i, lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń tú inú WordPress kiri. Lábẹ́ Settings, níbi tí wọ́n kọ Reading sí, àpótí kékeré kan wà nísàlẹ̀ tó ń sọ fún àwọn ẹ̀rọ ìwákiri pé kí wọ́n má ka ìkànnì yìí. Mo ti fi àmì sí i nígbà tí mo ṣì ń kọ́ ọ lọ́wọ́, torí n kò fẹ́ kí aráyé rí ilé tí a kò tíì rẹ́. Mo kọ́ ọ tán, mo gbàgbé àmì náà síbẹ̀. Ohun tí àmì yẹn ń fi sínú ojú ewé kọ̀ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ́ noindex. Googlebot, ìyẹn ẹ̀rọ tí Google ń rán kiri láti máa ka ojú ewé, á dé, á rí i, á sì bá tirẹ̀ lọ láìkó wa sínú àkójọ. Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, mo wá ń bú u.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ kọ́kọ́ yẹ èyí wò. Ẹ tẹ site: sínú Google, kí ẹ lẹ orúkọ ìkànnì yín mọ́ ọn láìfi àlàfo sáàárín. Bí ohunkóhun ò bá jáde, ẹ lọ wo àpótí yẹn. Lẹ́yìn náà kí ẹ forúkọ sílẹ̀ lórí Google Search Console, ibi tí Google ti ń fi han oníkànnì bí òun ṣe ń rí ìkànnì rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á fún yín ní ọ̀rọ̀ gígùn kan tí ẹ ó lọ lẹ̀ mọ́ ọ̀dọ̀ àwọn tí ẹ ti ra orúkọ ìkànnì, kó lè dá wọn lójú pé ẹ̀yin lẹ ni ín. Wọ́n á tún béèrè sitemap, ìyẹn ìwé tó to gbogbo ojú ewé yín lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tó bá ń lo WordPress kò ní wàhálà kankan níbẹ̀, torí láti ọdún 2020 ni WordPress ti ń ṣe é fúnra rẹ̀. Ẹ kàn kọ wp-sitemap.xml síbẹ̀, ó tán.

Ọjọ́ kẹsàn-án tí mo yọ àmì yẹn kúrò ni ojú ewé àkọ́kọ́ wọlé. Nípa ti àwọn tó kù, Search Console kọ ọ́ pé "Discovered – currently not indexed". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Google ti gbọ́ pé wọ́n wà, kò tíì yà síbẹ̀. Mo wá ń tẹ Request Indexing, bọ́tìnnì tí a fi ń bẹ Google pé kó wá ka ojú ewé, láràárọ̀ bí ọmọ tó ń kan ilẹ̀kùn ilé ẹni tó ń sùn, títí mo fi kà á pé bí èèyàn tẹ̀ ẹ́ nígbà ogún, kò ní tìtorí ẹ̀ yára. Mo fọwọ́ mi sílẹ̀.

A wọlé o, àmọ́ ojú ewé keje, ìkẹjọ nínú èsì Google ni à ń yọ sí. Ta ló ń débẹ̀?

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo jókòó ti ìyá mi ní ṣọ́ọ̀bù látàárọ̀ títí di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, mo ń kọ gbogbo ohun tí oníbàárà bá bi wọ́n sílẹ̀. Obìnrin kan fa aṣọ yọ, ó fi àtàǹpàkò ra ojú rẹ̀: "Ìyá, ṣé èyí ò ní ṣí?" Ọmọge kan ní, "Yáàdì márùn-ún, ṣé á tó ìró àti bùbá?" Ìyá mi wò ó láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Á tó, ọmọ mi, bí o ò bá ti ní gbé gèlè kà á lórí." Ẹlòmíràn fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é tàbí ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Ìyá mi yí ẹ̀yìn àdìrẹ oníko kan fún un, wọ́n ní kó wò ó bí aró ṣe mu ún dé ẹ̀yìn. Wọ́n ní ti ẹlẹ́kọ yàtọ̀, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń ya ẹ̀kọ sí, torí náà ọnà ni kó wò: "Ọwọ́ èèyàn kì í ya ìlà méjì kó dọ́gba. Èyí tó bá dọ́gba jù, ẹ sá fún un." Àlejò kan láti Èkó nawọ́ sí Ìbàdàndùn, ó ní kí ni àwọn òpó inú rẹ̀. Wọ́n ní òpó gbọ̀ngàn Mápó ni, ṣíbí sì ni ohun tó wà láàárín wọn.

Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, ìbéèrè mẹ́tàdínlógún ló wà nínú ìwé mi. Mo ṣí ìkànnì wa. Ìdáhùn sí ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn ò sí níbẹ̀. Ohun tí mo kọ gàdàgbà sójú ewé àkọ́kọ́ ni "Ẹ káàbọ̀ sí ibùdó ẹwà àti àṣà". Àkọlé tí Google sì ń rí lókè rẹ̀ ni Home. Ta ló ń wá Home?

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ojú ewé nìyẹn, ìbéèrè kan fún ojú ewé kan, tí mo fi ìbéèrè náà gan-an ṣe àkọlé. Ìdáhùn ìyá mi ni mo ń kọ síbẹ̀. Fún ti fífọ̀, wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé omi tútù ni, pé kí wọ́n fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ nígbà àkọ́kọ́, kí wọ́n sá a síbi òjìji. Mo ya fọ́tò omi tó kù nínú báàfù lẹ́yìn ìfọ̀ kìíní àti lẹ́yìn ìfọ̀ kẹta, kí ojú lè rí ìyàtọ̀. Ojú ewé yẹn ló ń kó èèyàn wá jù títí dòní. Kò tilẹ̀ ta nǹkan kan lójú ara rẹ̀. Ẹni tó ti ra aṣọ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn ló ń wá a, ó sì máa ń rí wa níbẹ̀.

Search Console ló tún kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ àmì ohùn. Níbi tí wọ́n kọ Performance sí, ẹ ó rí ohun tí àwọn èèyàn tẹ̀ kí wọ́n tó kàn yín. Nínú tiwa, ẹnikẹ́ni ò fi àmì sí i: "adire eleko", "ibadandun meaning", "how to wash adire". Mi ò yọ àmì kúrò nínú Yorùbá mi nítorí ìyẹn o, mo kọ̀. Mo ń kọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ dáadáa nínú ọ̀rọ̀, mo sì ń jẹ́ kí adire eleko hàn lẹ́ẹ̀kan níbì kan lójú ewé náà. Ti àdírẹ́sì ojú ewé ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Mo kọ lẹ́tà "ẹ" sínú rẹ̀ nígbà kan, mo fi líǹkì ránṣẹ́ sí oníbàárà, ohun tó rí dípò lẹ́tà náà ni %E1%BA%B9. Ó ní ṣé wọn ò ti gba fóònù mi. Lẹ́tà lásán ni mo ń lò níbẹ̀ látìgbà náà.

Ti fọ́tò ń kọ́? Fóònù mi ń ya fọ́tò tó tó mẹ́gábáìtì mẹ́rin. Ọgbọ̀n fọ́tò lójú ewé kan jẹ́ ọgọ́fà mẹ́gábáìtì. Oníbàárà kan fi ohùn ránṣẹ́ sí mi: "Àǹtí, ìkànnì yín jẹ dátà mi tán, mi ò tíì rí aṣọ." Mo dín gbogbo wọn kù, mo sọ wọ́n di WebP, irú fáìlì fọ́tò tí kì í wúwo, ìkọ̀ọ̀kan ò ju kílóbáìtì 150 lọ mọ́. Gbogbo wọn pọ̀ ò wá tó mẹ́gábáìtì márùn-ún. Ẹ rántí pé bí ìkànnì ṣe rí lórí fóònù ni Google ń wò láti ṣèdájọ́, orí kọ̀ǹpútà kọ́.

Líǹkì ṣì ṣe pàtàkì. Láti ìgbà tí Larry Page àti Sergey Brin ti dá Google sílẹ̀ lọ́dún 1998 ni wọ́n ti ń ka líǹkì sí ẹ̀rí: ẹni tó bá nawọ́ sí ọ ń sọ pé o níye lórí. Àmọ́ ẹlẹ́rìí tí a rà, gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Mẹ́ta péré ni mo rí tó ṣe wá láǹfààní, owó ò sì bọ́ lọ́wọ́ mi. Aránṣọ kan l'Ékòó tó ń rajà lọ́dọ̀ wa fi wá sórí ìkànnì tirẹ̀. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé ìwé mi kọ orúkọ iṣẹ́ wa sí ibi tí wọ́n to iṣẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ sí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ̀wé lórí aró èlú sì nawọ́ sí ojú ewé fífọ̀ yẹn.

Ẹ má gbàgbé Google Business Profile, ìyẹn ibi tí Google ti ń fi ṣọ́ọ̀bù àti ọ̀nà rẹ̀ han èèyàn, bí ẹ bá ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹsẹ̀ lè rìn dé. Wọ́n ní kí n ya fídíò láti fi hàn pé ibẹ̀ wà lóòótọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ojú títì, mo ya pátákó orúkọ, mo ya ìyá mi bí wọ́n ṣe ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣí àgádágodo. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ pé jọ, wọ́n ní ṣé fíìmù là ń ṣe. Ìyá mi tún gèlè wé, wọ́n ní kí n tún un yà.

Bí ẹ bá tẹ "adire" nìkan lónìí, ẹ ò ní rí wa. Àwọn ìkànnì ńlá ló jókòó síbẹ̀, mi ò sì bá wọn dù ú. Ti bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ àti iye yáàdì, a máa ń wà lójú ewé kìíní lọ́jọ́ púpọ̀. Ó gbà wá tó oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tí mo yọ àmì yẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ìyá mi pè mí. Ẹnì kan ló wá láti Pọ́tọ̀-Nóvò, ó ní Google ló júwe ọ̀nà fún òun, ó sì dúró síwájú ilẹ̀kùn títì fún wákàtí kan.

"Àbẹ̀kẹ́, ṣé ìwọ ti sọ fún Google yìí pé a ti kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù àtijọ́?"

Mo dákẹ́. Mo ṣí kọ̀ǹpútà.