Ewu iná kì í pa àwòdì: ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹ sì bá mi kí àwọn panápaná

Ẹ bá mi pariwo halelúyà kí n tó bẹ̀rẹ̀ o, torí èmi, ọkọ mi, bẹ́bì wa, màmá ọkọ mi àti àbúrò ọkọ mi, gbogbo wa la jáde nínú iná láì fara pa, nínú fúláàtì wa ní Peckham níbí ní London. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń pè láti kí wa kú ewu, a dúpẹ́, a ò ní fi irú ẹ̀ san án fún yín.

Nígbà tí mo bímọ, nọ́ọ̀sì tó máa ń wá wo ọmọ nílé ló bi wá pé ṣé a ní àlámù tó máa ń ké tí èéfín bá ti dé ibẹ̀. Ó ní London Fire Brigade, ìyẹn àwọn panápaná ìlú London, máa ń wá sílé èèyàn, wọ́n á yẹ ilé wò, wọ́n á kan àlámù mọ́ àjà, wọn ò sì ní gba kọ́bọ̀. Màmá ní ta ló ń fún èèyàn ní nǹkan ọ̀fẹ́ nílùú òyìnbó. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wa tá a bá ti rí ẹni tó wọ yunifọ́ọ̀mù lẹ́nu ọ̀nà, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ la ó máa rìn nínú ilé bíi pé kò sẹ́ni ńlé, torí ẹ̀rù Home Office, àwọn ìjọba tó ń bi èèyàn ní páálí, ìyẹn ìwé ìgbélùú. Mo ṣáà fi orúkọ sílẹ̀, wọ́n wá, ọkọ̀ pupa ńlá yẹn ni wọ́n gbé wá, wọn ò bi wá ní páálí kankan. Wọ́n wo sọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n bi wá pé ibo la máa ń fi kọ́kọ́rọ́ sí lálẹ́, wọ́n kan àlámù sí kọ́rídọ̀ àti pálọ̀, ti kíṣìnì yàtọ̀, ooru ni tiẹ̀ máa ń mọ̀, kó má lọ máa ké ní gbogbo ìgbà tá a bá ń din ata.

Kẹ̀kẹ́ oníná tí àbúrò ọkọ mi fi ń gbé oúnjẹ kiri fáwọn oníbàárà wà ní kọ́rídọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Bí wọ́n ṣe rí i báyìí, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá wọn ní ká gbé e kúrò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ṣàlàyé pé bátìrì lithium tó ń gbé kẹ̀kẹ́ náà rìn yẹn, àgàgà àlòkù àbí èyí tí ṣájà ẹ̀ kì í ṣe tiẹ̀, ó lè gbiná lójijì, wọ́n á pa á tán ó tún lè padà máa jó, tó bá wá jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ló wà, ibo la fẹ́ gbà jáde? Ó ní ká má fi sí ṣájì tá a bá ń sùn, ká máa pa ilẹ̀kùn gbogbo yàrá dé lálẹ́, tíná bá sì ṣẹlẹ̀ ká jáde, ká má padà wọlé. La bá gbé e sí pálọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tíná yẹn ṣẹlẹ̀, àbúrò ti ibi iṣẹ́ dé, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, ó fi bátìrì tó rà lọ́wọ́ ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì sí ṣájì, oorun sì gbé e lọ. Mi ò bínú sí i o, ọmọ tó ń sáré kiri nínú òtútù dòru. Àlámù ló jí wa. Èéfín dúdú ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn pálọ̀ jáde, nǹkan ń bú gbàù-gbàù nínú ibẹ̀. Ọkọ mi fẹ́ ṣílẹ̀kùn kó da omi sí i, mo di ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ mú, mo ní o ò ní ṣí i! Mo gbá ọmọ mọ́ra, àbúrò fa màmá lọ́wọ́, àtẹ̀gùn la gbà, a ò wọ lífìtì, bá a ṣe délẹ̀ la pe 999. Ìgbà yẹn ni màmá wá rántí pásípọ́ọ̀tù ẹ̀ àti aṣọ òkè tó fẹ́ fi gbé ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní òun fẹ́ padà, àwa mẹ́ta la dì í mú, ó ń sunkún. Grenfell, ilé gogoro tó jóná ní London níbí, ni mò ń rò bí mo ṣe ń wo fèrèsé wa, òru 14 oṣù kẹfà ọdún 2017, láti ara fíríìjì kan ní àjà kẹrin ló ti bẹ̀rẹ̀, èèyàn 72 ló bá a lọ.

Panápaná dé, wọ́n pa á. Pálọ̀ jóná ráúráú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n mú wa wọlé lọ wò ó, inú ilẹ̀kùn pálọ̀ ti di èédú, ẹ̀yìn ẹ̀ tó kọjú sí yàrá wa, ọ̀dà funfun ṣì wà lára ẹ̀. Pásípọ́ọ̀tù màmá wà ńbẹ̀, aṣọ òkè wà ńbẹ̀, òórùn èéfín nìkan ló mú bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Mo wólẹ̀ sínú omi tí wọ́n dà sílẹ̀ yẹn, mo dúpẹ́.

Àwọn kan ní kí n má dárúkọ panápaná, pé Ọlọ́run nìkan ló ṣe é. Ọlọ́run ló ṣe é lóòótọ́, ta ló wá rán nọ́ọ̀sì yẹn sí wa?

Màmá ti ra àlámù tiẹ̀ tó máa gbé lọ sílé l'Abẹ́òkúta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó, 767 àbí 112 lẹ máa pè. Ẹ̀yin ti London, ẹ lọ sórí wẹ́bùsáìtì London Fire Brigade, wọ́n á bi yín ní ìbéèrè nípa ilé yín, tí wọ́n bá rí i pé ó yẹ kí wọ́n wá, wọ́n á wá, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí òyìnbó bá le fún, àgàgà ẹ̀yin ìyá àgbà tẹ́ ẹ̀ ń dá gbé, ẹ pè mí, ojoojúmọ́ ni mo wà nílé pẹ̀lú ọmọ, màá bá yín dáhùn gbogbo ẹ̀.