Orógbó, aró, àti ìbéèrè kan tí kì í tán lẹ́nu olùkọ́ wa

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni mo rí kọ́ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìkọ̀wé sáyẹ́ǹsì tí mo lọ ní Òkè-Ìlèwó, l'Abẹ́òkúta, orógbó ni n ó kọ́kọ́ dárúkọ.

Olùkọ́ wa, àgbàlagbà kan tó ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn títí tó fi fẹ̀yìn tì, ò tiẹ̀ mẹ́nu ba gírámà láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó da orógbó sórí tábìlì, ó ní ta ló rántí ọdún 2014. Ta ni ò rántí! Ọdún tí Ebola wọ Èkó lóṣù keje, tí fóònù ń dún lóru, tí ẹ̀gbọ́n ń jí àbúrò pé kó dìde kó fi omi iyọ̀ wẹ̀, kó sì mu nínú rẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Nígbà tó fi máa di àárín oṣù kẹjọ, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti sọ ọ́ síta pé, ó kéré tán, èèyàn 2 ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Ebola fúnra rẹ̀, èèyàn 20 ló mú nílẹ̀ wa, 8 nínú wọn ló sì bá a lọ, kó tó di ogúnjọ́ oṣù kẹwàá tí wọ́n kéde pé ó ti kásẹ̀ kúrò nílẹ̀ yìí.

Ibẹ̀ ni orógbó ti wọ ọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá ti ń rún un lẹ́nu, Ebola ò ní lè mú un. Nọ́ọ̀sì tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rẹ́rìn-ín, ó ní àpò kan ni ìyá òun rà. Olùkọ́ ò bá wa rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn ní orísun, orísun náà ò sì burú. Lọ́dún 1999, Ọ̀jọ̀gbọ́n Maurice Iwu, ọmọ Nàìjíríà, sọ níbi àpérò àgbáyé àwọn onímọ̀ ewéko ní St. Louis ní Amẹ́ríkà pé ohun tí wọ́n fà yọ lára orógbó dá fáírọ́ọ̀sì Ebola dúró nínú láàbù. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: nínú láàbù. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń pa fáírọ́ọ̀sì nínú abọ́ láàbù. Ọṣẹ ìfọṣọ náà ń pa á, kò sì sẹ́ni tó máa torí ìyẹn gbé ọṣẹ mì. Àmọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ fi máa dé ọdún 2014, "nínú láàbù" ti já bọ́ lọ́nà, ó wá ku "orógbó ń wo Ebola."

"Ẹni tó já a bọ́ lè má ní i lọ́kàn láti parọ́ o," olùkọ́ wí. "Ó kàn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun dùn ni."

Àtìgbà náà ló ti ń fi ìbéèrè kan lé wa kiri: báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Inú abọ́ ni wọ́n ti rí i ni, àbí lára eku, àbí lára èèyàn? Èèyàn mélòó? Àwọn wo ni wọn ò fún lóògùn, kí wọ́n lè fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n fún? Ta ló náwó sí i? Ta ni ọwọ́ rẹ̀ ò sí nínú iṣẹ́ náà tó lè bá wa yẹ̀ ẹ́ wò? Ó ń bi wá títí tó fi fẹ́ máa sú wa. Bọ̀dá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní rédíò mú ìròyìn kan wá pé ewu àìsàn kan fi ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè. Olùkọ́ ní láti mélòó sí mélòó? Bí ó bá jẹ́ èèyàn 2 nínú 10,000 ló di 3, ìdá àádọ́ta náà nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ 2,000 ló di 3,000, òun náà nìyẹn. Èèyàn lè gbọ́ ti àkọ́kọ́ kó sùn wọra. Ti ìkejì ò ní jẹ́ kó fojú ba oorun títí di àárọ̀. Bọ̀dá rédíò ò rí èsì fọ̀, torí ìwé tó kà kò sọ.

Iṣẹ́ àṣetiléwá wá dé: kí kálukú lọ wá ẹnì kan ní Abẹ́òkúta tó ń ṣe iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì láìsí pé ẹnikẹ́ni ń pè é bẹ́ẹ̀, kó kọ ọ́ sójú ìwé kan péré, lédè Yorùbá. Ariwo ta. Àwọn kan ní sáyẹ́ǹsì ò ṣeé kọ ní Yorùbá, ní ìlú tí míṣọ́nnárì Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Yorùbá tó ń jẹ́ Ìwé Ìròyìn lọ́dún 1859! Mi ò bá wọn jiyàn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Àlàbàtà ní òun máa lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe láfún. Èmi ti mọ ibi tí mò ń lọ ní tèmi.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń rẹ aró ní Ìtòkú kí wọ́n tó bí mi. Màmá Ìtòkú là ń pè wọ́n nílé. Ewé èlú àti omi eérú ni ìyá tiwọn lò. Aró òyìnbó, sódà (caustic soda) àti haidírò (ìyẹ̀fun kẹ́míkà kan, sodium hydrosulphite) ni Màmá ń lò. Mo ti rí iṣẹ́ yìí láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n mi ò jókòó tì í rí pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, wọ́n rọra da sódà sínú omi, omi tí ò rí iná rárá sì gbóná. Wọ́n wọn haidírò sí i pẹ̀lú agolo mílíìkì. Òórùn rẹ̀ ta mí nímú, mo sín. Wọ́n fi igi rò ó, wọ́n dé e, wọ́n lọ ń bá oníbàárà ná ọjà.

Nígbà tí wọ́n padà wá, mo ní, "Màmá, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó ti tó?"

Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé wọ́n rán ọ sí mi ni? Wò ó lójú."

Ojú aró náà ń dán, àwọ̀ bàbà ló bò ó. Wọ́n fi igi tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Abẹ́ rẹ̀ kì í ṣe búlúù rárá, ó ṣe ràkọ̀ràkọ̀ bí omi ewédú. Wọ́n ya àkísà funfun tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n rì í bọ̀ ọ́, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n fà á jáde. Ó ṣe àwọ̀ ewé. Wọ́n gbé e síwájú mi pé kí n má ṣẹ́jú. Láti etí àkísà ni búlúù ti bẹ̀rẹ̀, ó ń wọnú bọ̀, kí n tó kọ gbólóhùn kan tán gbogbo rẹ̀ ti dú. Wọ́n ní bí ó bá jẹ́ pé inú ìkòkò ló ti di búlúù, haidírò ò tó nìyẹn, aró náà ò ní mú aṣọ, ìfọ̀ àkọ́kọ́ ló máa ṣí.

Ìdánwò nìyẹn. Àkísà ni láàbù Màmá.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé: aró, ì báà jẹ́ ti ewé èlú tàbí ti òyìnbó, kì í yòrò nínú omi. Haidírò, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ sódà, ló ń sọ ọ́ di oríṣi mìíràn tó lè yòrò tó sì lè wọ inú òwú. Bí aṣọ bá ti jáde, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ á dá a padà sí búlúù, á sì há sínú òwú, omi ò ní lè yọ ọ́ mọ́. Láyé ìyá Màmá, omi eérú ló ń ṣe iṣẹ́ sódà, àwọn bakitéríà tó ń bẹ nínú ìkòkò bí ewé ṣe ń kan ló sì ń ṣe ti haidírò. Ìdí nìyẹn tí aró ìgbà yẹn fi ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Nígbà tí olùkọ́ ka ohun tí mo kọ, ó ní kí n má dárúkọ ọ́síjìn kí àkísà tó yí àwọ̀. Kí òǹkàwé kọ́kọ́ rí i, kó ya á lẹ́nu, kó máa wá ìdí rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí n tó wá sọ. Ìyẹn nìkan tó owó tí mo san. Ibi tí a ti jọ fa ọ̀rọ̀ ni ìpínrọ̀ tí mo fi sọ̀rọ̀ Adolf von Baeyer, ọmọ Jámánì tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1905, tí iṣẹ́ rẹ̀ lórí aró wà lára ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fún un, àti BASF, iléeṣẹ́ kẹ́míkà ilẹ̀ Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró àtọwọ́dá lọ́dún 1897. Olùkọ́ ní kí n yọ ọ́, ó ní ó ń gbé òǹkàwé kúrò ní Ìtòkú. Mi ò gbà. Inú páálí aró òyìnbó tó wà lẹ́sẹ̀ Màmá ni Jámánì wà. Mo gé e kù sí gbólóhùn kan, mo sì fi í síbi tí Màmá ti ń ṣí páálí náà. Ó kà á, ó mí kanlẹ̀, ó ní ó dáa.

Mo ka iṣẹ́ náà fún Màmá kó tó jáde. Wọ́n gbọ́ ọ dópin, wọ́n ní kí n má fi orúkọ àwọn sí i, torí àwọn agbowó-orí. Wọ́n wá ní omi aró tó ti tán lágbára, tí gbogbo àwọn ń dà sí gọ́tà yìí, ibo ló ń lọ, kí ló sì ń ṣe níbẹ̀? Mo sọ fún wọn pé mo ti bá olùkọ́ kẹ́mísírì kan ní Àlàbàtà sọ̀rọ̀, màá bi í. Wọ́n ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, àwọn náà ń bá mi lọ, wọ́n sì ti ní kí ọmọ iṣẹ́ wọn wá igò tó lọ́mọrí dáadáa, tí wọ́n máa fi bu omi náà dání.