Fótò Tí Ẹlòmíràn Ò Ní

Láti ìgbà tí ìyá wa ti ṣaláìsí, ọwọ́ mi ni gbogbo fótò ìdílé wa ń bọ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n ń fi ránṣẹ́, àbúrò ń fi ránṣẹ́, àwọn ọmọ wọn náà ń fi ránṣẹ́. Fóònù ti kún débi pé kò gba nǹkan kan mọ́, mo sì ti jókòó tì í lọ́pọ̀ alẹ́, tí mò ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan: èwo ni ká tọ́jú, èwo ni ká pa rẹ́? Ohun tí mo rí kọ́ nínú iṣẹ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé ló wà lẹ́nu ẹ̀ báyìí.

Kí n tó pa fótò kankan rẹ́, mo máa ń bi ara mi pé: bí èyí bá lọ, ṣé ẹnì kan wà tó tún ní irú ẹ̀? Ṣé a ṣì lè yà á padà? Bó bá jẹ́ pé rárá ni, kò gbọdọ̀ lọ, ì báà wọ́, ì báà ṣókùnkùn.

Èlùbọ́ ni ìyá wa ń tà lọ́jà Bódìjà, n'Ìbàdàn, òwò yẹn ló sì rán gbogbo wa níléèwé. Nígbà tí a ń múra ìsìnkú wọn, ẹni tó ń bá wa ṣe ìwé ètò ní ká kó fótò wá. Fótò pọ̀ lọ súà. Màmá nínú léèsì, Màmá nínú àǹkárá, Màmá pẹ̀lú gèlè tó ga sókè, wọ́n dúró, wọ́n mú pọ́ọ̀sì dání, wọ́n ń wo onífótò. Bí a bá yọ ti àwọ̀ aṣọ kúrò, ẹ ò ní mọ ti ọdún yìí yàtọ̀ sí ti èṣí. Ẹyọ kan ṣoṣo la rí tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́. Àbúrò mi ọkùnrin ló yà á lọ́jọ́ tó lọ gba nǹkan lọ́wọ́ wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Fótò náà wọ́. Èjìká oníbàárà kan bo apá kan ẹ̀. Màmá ò tiẹ̀ wo kámẹ́rà: kóńgò wà lọ́wọ́ òsì wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ ọ̀tún bu èlùbọ́ kún un, ó ti ga ṣóńṣó kọjá ẹnu kóńgò. Èlùbọ́ ti kun apá wọn dé ìgbọ̀nwọ́. Àpò owó wà nídìí wọn, ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi ń di ọjà sì ń rọ̀ lórí ìṣó lẹ́yìn wọn.

Àbúrò mi ní òun ti fẹ́ pa á rẹ́ nígbà kan, torí pé kò dáa. Òun ni gbogbo wa tẹ̀ sí férémù. Àwọn ọmọ-ọmọ tí wọn ò dé ṣọ́ọ̀bù yẹn rí a máa béèrè pé kí ni Màmá Àgbà mú lọ́wọ́ yẹn, ibẹ̀ ni ìtàn á ti bẹ̀rẹ̀: bí wọ́n ṣe ń jí lọ pàdé ọkọ̀ tó ń kó èlùbọ́ bọ̀ láti Ṣakí, bí wọ́n ṣe ń fi ìka méjì péré mọ èyí tí kò gbẹ dáadáa. Kò sí fótò léèsì kankan tó fa irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí.

Mo máa ń rántí iṣẹ́ onífótò kan, J. D. 'Okhai Ojeikere, lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún 1930 ni wọ́n bí bàbá náà, wọ́n sì kú lọ́dún 2014. Wọ́n ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn kí wọ́n tó kó lọ sí Èkó. Láti ọdún 1968 ni wọ́n ti ń ya irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà, láti ẹ̀yìn, láti ẹ̀gbẹ́, lójú pópó, níbi iṣẹ́, lóde àríyá, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún kan. Nígbà yẹn, ta ni yóò rò pé ó yẹ kí èèyàn ná fíìmù sórí onílé gogoro tí wọ́n fi òwú kó? Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí i lórí aládùúgbò. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí irun náà ṣe rí, fótò wọn ló máa lọ wò. Nítorí náà, fótò iwájú ilé yín kí wọ́n tó tún un kùn, fótò ààrò, fótò bàbá yín níbi tí wọ́n ti ń tú rédíò palẹ̀, pépà tí ìyá yín fi ọwọ́ ara wọn kọ orúkọ ọjà sí, ẹ má ṣe yára gbá wọn dànù.

Èyí tó yẹ kó lọ pọ̀, kò sì yẹ kí àánú wọn ṣe yín. A dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, fóònù yà á lọ́nà mẹ́wàá. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo máa ń ṣà á, torí bó bá pẹ́, ojú ò ní mọ ìyàtọ̀ mọ́. Mo á mú èyí tí gbogbo ojú là nínú ẹ̀. Bí òmíràn bá wà tí ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu wọn, mo á mú ìyẹn náà. Ìyókù á lọ. Àwòrán òdòdó tí wọ́n kọ “Ẹ kú ọjọ́ Ìsinmi” sí, àdúrà tí wọ́n ní kí ẹ fi ránṣẹ́ sí èèyàn méje, fídíò ẹ̀fẹ̀, inú WhatsApp ni gbogbo wọn ti ń ya wọlé láìjẹ́ pé ẹ pè wọ́n. Ẹ wọ Settings, ẹ wọ Storage and data, ẹ tẹ Manage storage. Á kó èyí tó tóbi jù síta fún yín, àti èyí tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ káàkiri. Nínú Storage and data yẹn náà lẹ ti lè dá a dúró kó má máa gba fótò wọlé fúnra ẹ̀, dátà yín náà á sì pẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ̀rí owó tí ẹ fi ránṣẹ́ àti nọ́ńbà àkáǹtì, ẹ pa wọ́n rẹ́ bí ọ̀rọ̀ wọn bá ti parí. Fótò káàdì báńkì àti ti ìwé NIN kò tiẹ̀ yẹ kó wà láàárín fótò rárá, nítorí olè.

Ti òde ló gba sùúrù. Ìnáwó ọjọ́ kan péré, onífótò á gbé fóláṣì tó kún dẹ́nu wá. Ìrẹsì inú abọ́, àga tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sí, kéèkì láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, owó níná léraléra, mo máa ń mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ fótò tí èrò pọ̀ nínú ẹ̀, n kì í fọwọ́ kàn án láìwo ìlà ẹ̀yìn. Ìyá àgbà kan wà nínú ẹbí wa tó máa ń wá láti Ìsẹ́yìn. Wọn kì í fẹ́ kí wọ́n ya àwọn. Bí onífótò bá ti ń bọ̀, wọ́n á dìde. Nígbà tí wọ́n papò dà, fótò ìkómọjáde kan níbi tí wọ́n ti yọjú lẹ́yìn ọkùnrin onífìlà ni ọmọ wọn wá gbà lọ́wọ́ wa, torí ibẹ̀ nìkan ni ojú wọn ti hàn dáadáa.

Ti àìsàn ló pẹ́ lọ́kàn mi jù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ kí n pa gbogbo èyí tí a yà nílé ìwòsàn rẹ́ lọ́sẹ̀ ìsìnkú gan-an. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká gbé e sí fóláṣì lọ́tọ̀ ná.” Wọ́n ní, “Kí ojú mi ṣáà má rí i.” Nígbà tí ọkàn wálẹ̀, a jókòó pọ̀, a ṣí i. Èyí tí rọ́bà wà nímú Màmá lọ. Èyí tí wọ́n ti di ọwọ́ ọmọ-ọmọ wọn mú lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀gbọ́n mi fúnra wọn ló ní kó dúró.

Nǹkan kan tí mo kà nípa fótò ìbejì ló là mí lójú níbẹ̀. Stephen Sprague, tó ṣèwádìí ní Ìlá Ọ̀ràngún tó sì kọ̀wé lọ́dún 1978 lórí fótò yíyà láàárín Yorùbá, ṣàlàyé pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láìtíì ya fótò, onífótò á ya èyí tó wà láyé, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan náà, kí àwọn méjèèjì lè jókòó pọ̀. Bó bá jẹ́ akọ àti abo ni wọ́n, ọmọ kan náà á wọ aṣọ ọkùnrin fún ọ̀kan, á wọ ti obìnrin fún èkejì. Ojú alààyè ni wọ́n fi fún ọmọ tó ti lọ. Èmi náà, fótò tí èèyàn ṣì ti ń ṣe nǹkan ni mo ń mú, kódà kó jẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìbínú. Ọ̀rẹ́ mi kan tí òun àti ọkọ ẹ̀ pínyà fẹ́ nu gbogbo fótò ìgbéyàwó kúrò lóru ọjọ́ kan. A kó o sí fóláṣì, èmi ni mo tọ́jú ẹ̀. Ọmọ wọn ọkùnrin ti wá béèrè fótò bàbá ẹ̀ báyìí, ó sì rí i gbà.

Ẹ fara balẹ̀ lórí ti Google Photos o, níbi tí Google ti ń bá wa tọ́jú fótò. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2021, fótò tuntun ti ń jẹ nínú àyè 15 GB tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, Gmail àti Drive náà sì ń jẹ nínú ẹ̀. Bí fóònù yín bá ti so mọ́ ọn, fótò tí ẹ bá pa rẹ́ níbẹ̀ á kúrò lórí fóònù, á kúrò lọ́dọ̀ Google pẹ̀lú. Á wà nínú Trash fún 60 ọjọ́, lẹ́yìn ìyẹn ó parí. Nínú Photos ti iPhone, 30 ọjọ́ ni. Bó bá jẹ́ àyè fóònù nìkan lẹ̀ ń wá, Free up space ni kí ẹ tẹ̀. Ìyẹn á yọ èyí tó ti wà lọ́dọ̀ Google kúrò lórí fóònù, á sì fi ti ọ̀hún sílẹ̀. Bí fótò kan bá sì jẹ́ méjì, ti ẹni tó yà á ni kí ẹ mú, kí ẹ pa ti WhatsApp rẹ́. Báńnà ìsìnkú ló kọ́ wa ní ti ìyẹn: ojú Màmá ń ṣe bàìbàì lára ẹ̀, torí WhatsApp máa ń fún fótò kéré kó lè yára rìn. A ní kí ẹni tó yà á tún un fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document, ó sì mọ́ kedere.

Ó ku orúkọ. Bí ẹ bá fa fótò sókè nínú Google Photos, àyè wà níbẹ̀ láti kọ̀wé sí. Mo máa ń kọ orúkọ wọn láti òsì sí ọ̀tún, ibi tó jẹ́, ohun tí wọ́n ń ṣe. Èyí tí n kò bá mọ ẹni tó wà nínú ẹ̀, mo á fi ránṣẹ́ sí àbúrò Màmá tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Mọ́kọ́lá. Wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ojú wọn ṣì mú. Wọ́n á pè mí padà: “Ìwọ ọmọ yìí, o ò mọ Bàbá Alágbẹ̀dẹ ni? Àwọn ló ń rọ ọkọ́ fún bàbá bàbá rẹ!” Mo á kọ ọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Bí Màmá Mọ́kọ́lá náà ò bá mọ̀ ọ́n, fótò àtijọ́ á dúró, ti òde èṣí á lọ.