Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú Lẹ́ńtì: ẹ má gbààwẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi

Bó bá jẹ́ pé ìjọ tó ń gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ 21 ní oṣù kìn-ín-ní lẹ ti wá, tí wọn kì í fi eérú síwájú orí, tí wọn kì í sì í dárúkọ Lẹ́ńtì, ìyẹn ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ tó ṣáájú Àjíǹde, lórí pẹpẹ, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Lẹ́ńtì ọdún 2026 yìí ni mo kọ́kọ́ ṣe, ó ṣì ń dùn mí.

Òfin ààwẹ̀ oṣù kìn-ín-ní ni mo gbé wọ inú rẹ̀: àìjẹ àìmu títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ Ìsinmi. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 11 oṣù kẹta, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, mo wà ní ibùdókọ̀, oòrùn mú gan-an, òòyì sì kọ́ mi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ìyá kan tó ń ta omi inú ọ̀rá. Ìyá náà ò bi mí ní nǹkan kan. Ó mú ọ̀rá kan, ó nù ún mọ́ ìró rẹ̀, ó já etí rẹ̀, ó fi sí mi lọ́wọ́. Mo mu ún tán, ni omijé bá bọ́ lójú mi. Lójú tèmi, ààwẹ̀ ti bàjẹ́, gbogbo ohun tí mo ti fara dà látọjọ́ yìí ti dà nù. Mo lọ jẹun. Mo jẹ lọ́jọ́ kejì, mo jẹ lọ́jọ́ kẹta, mi ò kúnlẹ̀ àdúrà rárá. Ẹni tí ààwẹ̀ bá ti bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ rí mọ bí ojú ṣe máa ń tini níwájú Ọlọ́run. Mọ́mì kan tó jẹ́ Áńgílíkà ló là mí lóye. Mo tún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, mo sì bá a dé Àjíǹde.

Omi yẹn ò ba nǹkan kan jẹ́. Lẹ́ńtì ò ka omi léèwọ̀. Nínú ìjọ Àgùdà, ọjọ́ méjì péré ni òfin ààwẹ̀ dè mọ́ ènìyàn lọ́rùn: Ọjọ́rú Eérú, tí Lẹ́ńtì ń bẹ̀rẹ̀, àti Ọjọ́ Ẹtì Rere. Ẹni ọdún 18 sí 59 á jẹ oúnjẹ kan ní àjẹyó, ó sì lè fi ìpápánu méjì kún un, bí méjèèjì pa pọ̀ ò bá ti tó odindi oúnjẹ kan. Lọ́jọ́ méjèèjì yẹn àti gbogbo ọjọ́ Ẹtì inú Lẹ́ńtì, láti ọmọ ọdún 14 lọ sókè, wọn kì í jẹ ẹran. Wọ́n lè jẹ ẹja. Ọjọ́ tó kù, ohun tí kálukú bá bá Ọlọ́run pinnu ni.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ìsinmi gan-an ló gbé mi kọ̀wé yìí. Ẹ ka kàlẹ́ńdà: láti Ọjọ́rú Eérú, ọjọ́ 18 oṣù kejì, dé Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, ọjọ́ 4 oṣù kẹrin, ọjọ́ 46 ni. Ogójì la sì ń pè é. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́fà ló lé. Wọn kì í kà wọ́n mọ́ ọjọ́ ààwẹ̀, torí ọjọ́ tí Olúwa jíǹde ni gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, ìbáà jẹ́ nínú Lẹ́ńtì. Ọjọ́ Ìsinmi kẹrin gan-an ni àwọn Áńgílíkà ń ṣe àjọ̀dún àwọn ìyá, wọ́n á sè, wọ́n á jẹ. Èmi ti fi ọjọ́ 22 lé ara mi láìsinmi kí n tó ṣubú. Ẹ má sọ pé ọ̀nà àbùjá ni mò ń wá. Ẹni tó bá lè gba ogójì ọjọ́ láìjẹ láìmu, kí Olúwa fún un lágbára. Ṣùgbọ́n Lẹ́ńtì ò béèrè ìyẹn.

Ẹ yan ohun kan ṣoṣo, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí Ọjọ́rú Eérú tó dé, pẹ̀lú aago. "Màá dín oúnjẹ kù" ò lè dúró. "Aago 12 ni màá kọ́kọ́ jẹun, Ajé sí Sátidé" ló lè dúró. Owó ohun tí ẹ ò jẹ, inú kóló ni kó wà. Bí ẹran bá jẹ́ ₦500 lóòjọ́, ₦20,000 ni fún ogójì ọjọ́, ọ̀dọ̀ ẹni tébi ń pa ló sì ń lọ, bí Aísáyà 58 ti wí. Kó má wọnú ọbẹ̀ Àjíǹde yín. Aboyún, ìyálọ́mọ, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tàbí ìtọ̀ ṣúgà, kí wọ́n má fi ebi pa ara wọn, ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí fóònù lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́ ni kí wọ́n yẹra fún.

Bẹ́ẹ bá ṣì fẹ́ gbà á di aago mẹ́fà, ẹ máa mu omi lọ́sàn-án. Bẹ́ẹ bá fẹ́ ṣínu, omi lákọ̀ọ́kọ́, kí ògì gbígbóná tẹ̀ lé e, kí ẹ dúró ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó jẹ òkèlè. Ẹ̀bà pẹ̀lú ohun mímu tútù nínú ikùn òfìfo ló ń mú kí inú wú mọ́jú.

Àdúrà rẹ̀ náà yàtọ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní, à ń béèrè iṣẹ́, ilé, ọmọ. Ìrònúpìwàdà ni ti Lẹ́ńtì. Sáàmù méje wà fún un, ó bá ọjọ́ méje ọ̀sẹ̀ mu: 6, 32, 38, 51, 102, 130, 143. Ìkọkànléláàádọ́ta ni mo fi sí ọjọ́ Ẹtì. Wọn kì í kọ "Alelúyà" nínú ìsìn títí Àjíǹde á fi dé. Ó máa ṣe yín bákan, ẹ fara dà á. Tẹ́ẹ bá fẹ́ gba eérú lọ́dọ̀ àwọn Àgùdà, ẹ tò, wọn ò ní dá yín padà. Láti ara imọ̀ ọ̀pẹ ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń sun ún. Kòmúnyọ̀n tiwọn nìkan ni kí ẹ má tò sí.

Ọjọ́ 10 oṣù kejì ni Ọjọ́rú Eérú ọdún 2027. Mo ti fi bíírò pupa yí ọjọ́ Ìsinmi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ká: 14, 21 àti 28 oṣù kejì, 7, 14 àti 21 oṣù kẹta.