Ohun tí mo kọ́ lára Efren Reyes nípa bọ́ọ̀lù tí wọ́n dí mọ́ni lójú

Ẹni tó bá ń gbá sínúkà lórí àwọn tábìlì kékeré tí wọ́n ń gbé síta ní Nyanya tàbí Kúbwà, ó ṣeé ṣe kó ti wo fídíò Efren Reyes rí. Ọmọ Philippines ni, 1954 ni wọ́n bí i, Onídán sì ni wọ́n ń pè é. Á rẹ́rìn-ín, á họ orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ rú lójú, kí ẹ tó mọ̀, bọ́ọ̀lù ti wọ ihò. Nígbà tó dé Amẹ́ríkà ní 1985, Cesar Morales ló pe ara rẹ̀ ní Houston, kí àwọn tó ń fowó ta má baà sá fún un. Ní 1999 ó di aṣáájú àgbáyé nínú nine-ball, eré tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù 1 dé 9 gbá, tí nọ́ńbà tó kéré jù ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbá, ní Cardiff ní orílẹ̀-èdè Wales.

Ti ìlú Reno ní Amẹ́ríkà ní 1995 ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n ti dí bọ́ọ̀lù 5 mọ́ ọn lójú, kò ríbi gbá a tààrà, nínú ìfigagbága òun àti Earl Strickland, ọmọ Amẹ́ríkà. Efren gbá bọ́ọ̀lù funfun, èyí tí ọ̀pá ń gbá, mọ́ etí tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, bọ́ọ̀lù náà rìn bíi lẹ́tà Z, 5 wọlé, funfun sì dúró síbi tó ti lè gbá 6. Àwọn kan ní oríire ni. Ẹ má gbà. Ìwọ̀n ni, ẹ sì lè kọ́ ti etí kan ṣoṣo láìpẹ́.

Ẹ yan etí tí ẹ fẹ́ lò. Ẹ wo ọ̀gangan ibi tí funfun kọjú sí lórí rẹ̀ tààrà, kí ẹ wo ti bọ́ọ̀lù tí ẹ ń wá náà. Bí méjèèjì bá jìnnà sí etí bákan náà, àárín ọ̀gangan méjèèjì ni kí ẹ gbá sí. Bí wọn kò bá dọ́gba, ẹ na ọ̀pá láti funfun dé ọ̀gangan èkejì, kí ẹ tún nà án láti èkejì dé ọ̀gangan funfun, láìfọwọ́ kan bọ́ọ̀lù o. Ibi tí ìlà méjèèjì bá ti dábùú ara wọn, iwájú ibẹ̀ gan-an lórí etí ni ẹ ń lépa. Bí funfun bá jìnnà sí etí ní 20 ínǹṣì, tí èkejì jìnnà ní 10, tí àlàfo ọ̀gangan méjèèjì jẹ́ 30, ẹ gbá sí 20 láti ọ̀gangan funfun. Ẹ má ṣe ka ìwọ̀n láti ojú rọ́bà: nígbà tí bọ́ọ̀lù ńlá bá kan rọ́bà, àárín rẹ̀ máa ń wà ní ínǹṣì kan àti díẹ̀ ṣáájú rọ́bà, ibẹ̀ ni kí ẹ ti kà á.

Agbára ló ń ba èyí jẹ́ jù. Bí ẹ bá fi ìbínú gbá a, rọ́bà á wọnú, bọ́ọ̀lù á sì padà tààrà ju bó ṣe yẹ lọ, á ṣáko kọjá níwájú èyí tí ẹ ń wá. Ẹ gbá ojú àárín funfun, pẹ̀lú agbára tó máa gbé e kọjá bọ́ọ̀lù kejì díẹ̀. Ẹ fi gbígbá ẹ̀gbẹ́ funfun sílẹ̀ ná, torí ó ń mú kó yí. Bó bá yí síbi tó ń lọ, igun á fẹ̀, bó bá yí sẹ́yìn, igun á há.

Ojú ọjọ́ tún wà ńbẹ̀. Ní àkókò òjò, aṣọ tábìlì máa ń rin, bọ́ọ̀lù sì máa ń padà ní igun tó há. Ọyẹ́ gbẹ aṣọ, ó tún da eruku sí i, eruku àti ṣọ́ọ̀kì tó lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù sì ń mú kí bọ́ọ̀lù méjì fa ara wọn nígbà tí wọ́n bá kanra. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù wọ́n. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yí bọ́ọ̀lù kan jẹ́jẹ́ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Bó bá ń yà, ẹsẹ̀ tábìlì kò dọ́gba, ẹ bẹ onítábìlì kó ki pátákó tín-ínrín sábẹ́ ẹsẹ̀ tó lọ sílẹ̀. Bí kò bá gbà, ẹ rántí ìhà tó ń yà sí, kí ẹ máa fi kún ìwọ̀n yín.